Ẹ wá ẹni tí yóò rà á kí ẹ tó kó o jọ

Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti wà lára àwọn tó ń bá ará ìlú ńlá sọ̀rọ̀ pé kí ohun tí a bá lò tán má ṣe parí sí ààtàn mọ́. Ohun tí mo rí kọ́ jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ọjà lọ̀rọ̀ yìí kó tó di ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ má tíì ra garawa aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò ra ohun tó máa bọ́ sínú garawa náà, kí ẹ sì bi í léèrè irú èyí tó ń fẹ́ gan-an.

Ike kan kì í ṣe bí ìkejì. Ẹ yí ìdí ìgò omi sókè, ẹ ó rí onígun mẹ́ta kékeré tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. 1 ni ti ìgò omi, 2 sábà máa ń wà lára kẹ́ẹ̀gì àti ike ọṣẹ olómi, 5 wà lára ọ̀pọ̀ ìdérí. Bí iná ṣe ń yọ́ wọn yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, ohun tó máa jáde kò ní lágbára. Irú ike tó jẹ́ nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ o, kò sọ pé ẹnì kan máa rà á.

Agolo alumíníọ̀mù ò yọ wá lẹ́nu rí. Agbára iná tí yíyọ́ àlòkù rẹ̀ ń gbà kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 èyí tí wọ́n fi ń ṣe tuntun láti inú òkúta lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rà á fi ń wá a kiri.

Ìyókù oúnjẹ ló le jù. Bó bá bá páálí wọ àpò kan náà, páálí ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá sì dé ààtàn, tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ tí atẹ́gùn ò dé ibẹ̀, gáàsì methane ló ń mú jáde, èyí tó ń mú ayé móoru ju carbon dioxide lọ fíìfíì. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ lè bẹ àwọn èèyàn fún, ẹ ní kí wọ́n ya tútù sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbẹ. Ó tán. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́fà. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi padà sínú garawa kan.

N kì í fi bẹ́ẹ̀ ka pósítà sí. Owó ìdógò, ìyẹn owó tí èèyàn san lé orí ìgò nígbà tó ń rà á, ló ń mú èèyàn dá ìgò padà. Láti 2003 ni òfin ti fi irú owó bẹ́ẹ̀ sórí ọ̀pọ̀ agolo àti ike ohun mímu ní Jámánì: ẹni tó bá dá a padà gba owó rẹ̀, èyí tí ẹnì kan bá sì jù sílẹ̀, ẹlòmíràn á ṣà á.

Àwọn tó ń ṣa ike àti irin kiri ńkọ́? Wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ìpàdé tiwa tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tó ń rà àti iye tó ń rà á. Ẹ pè wọ́n wá, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ní tèmi, àtúnṣe ni mo fẹ́ràn jù, torí kò nílò ọkọ̀ akólẹ̀ kankan. Repair Café tó bẹ̀rẹ̀ ní Amsterdam ní 2009 ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè: yàrá kan, tábìlì, iná, àti ẹni méjì mẹ́ta tó mọ nǹkan tún ṣe. Kí ẹni tó ni áyọ́ọ̀nù tó bàjẹ́ jókòó tì wọ́n, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń tú u.