Ẹni Tí Ọ̀nà Dá Lóró, Ẹ Má Ní Kó Gba Ọ̀nà Wá

Tí ọkọ̀ bá takìtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tàbí tí táńkà gbiná nítòsí Ògèrè, ara ẹni tó yọ lè jinná láàárín oṣù mélòó kan. Ọkàn kì í tètè jinná bẹ́ẹ̀. Tí a bá wá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa wọ mọ́tò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ gba ọ̀nà yẹn kan náà wá bá wa ní Ṣágámù, a ní kó la iná kọjá wá gba oògùn iná. Ìdí tí mo fi gba ìtọ́jú orí fóònù mọ́ra nìyẹn. Ojúkojú ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn; ti fóònù ní ọgbọ́n tirẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sì ni mo ń kọ èyí sí.

Ẹ má fi ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ojúkojú, tí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹ lè bu omi fún un, ẹ lè jókòó tì í. Lórí fóònù, ohùn nìkan lẹ ní, nẹ́tíwọ̀kì sì lè já níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Ẹni tó tú ọgbẹ́ sílẹ̀ tí ìlà sì já mọ́ ọn lẹ́nu, òun nìkan ló máa bá ọgbẹ́ náà sùn. Ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kò tilẹ̀ yẹ ní ẹni tí à ń fipá mú kó ròyìn rẹ̀ rárá.

Àwọn ìbéèrè kan náà ni mo máa ń fi ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ béèrè, ní gbogbo ìgbà tí a bá pàdé. Ibo lẹ wà báyìí gan-an? Ẹni tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá lè wà ní Mushin lónìí, ibi tó wà la sì máa rán èèyàn sí tí ewu bá dé. Ta ló wà nítòsí tó lè gbọ́ wa? Báńtìrì ku mélòó? Ta ni mo lè pè tí mi ò bá gbọ́ ohùn yín mọ́, ṣé ẹni náà mọ̀ pé ẹ ń gba ìtọ́jú? Lẹ́yìn náà, àdéhùn: tí ìlà bá já, èmi ni màá pè padà, láàárín ìṣẹ́jú 2, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ sọ èyí ṣáájú, torí tí ẹ̀yin méjèèjì bá ń pera yín lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó máa wọlé sí ẹnì kejì.

Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ àṣírí pẹ̀lú. Tí ẹni tí ẹ ń tọ́jú bá ń sọ̀rọ̀ lọ, tó wá dédé ní, “Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ gààrí yẹn sí ọ̀la,” ẹnì kan ti wọlé nìyẹn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ gààrí, kí ẹ sì dágbére.

Ọdún ìlú wà lára ohun tí à ń wò. Nígbà Agẹmọ tàbí Orò, tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, fóònù wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń lu obìnrin náà bá wà nínú ilé kan náà, kò síbi tó lè sá sí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sún ìpàdé náà sí ọjọ́ mìíràn. Ojúde Ọba ńkọ́, tí àwọn ìdílé Balógun máa ń yin ìbọn lórí ẹṣin? Ẹni tí ìró ìbọn ń kó jìnnìjìnnì bá gbọ́dọ̀ ti mọ̀, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ibi tó máa wà lọ́jọ́ kẹta Iléyá àti ẹni tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀.

Èèyàn díẹ̀ ló máa sọ pé ọkàn òun gbọgbẹ́. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé orí ń gbóná, àyà ń já, nǹkan ń rìn nínú orí bíi kòkòrò. Òde orí, bí àwọn àgbà ṣe ń pè é. Ẹ má bá wọn jiyàn orúkọ. Ẹ bi wọ́n ìgbà tó máa ń dé, ohun tó ń gbé e dìde, bóyá àlá burúkú ń bá a rìn, bóyá ó ti lé ní oṣù kan. Ẹ sì ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, àti orí náà tó bá fara gba nínú ìjàǹbá, torí kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni ti ọkàn. Nígbà tí Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé nítòsí Àró, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, ìbátan aláìsàn máa ń bá a wá. Mo gbà pé ìlànà yẹn bá fóònù mu: ẹbí kan tí aláìsàn fúnra rẹ̀ yàn, kì í ṣe èyí tí àwa yàn fún un.

Tí ẹ̀rù bá dé láàárín ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ máa ń sáré sí mímí: fà á sínú ní kíka 4, tú u jáde ní kíka 6. Ó dára, àfi fún ẹni tí èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tàbí tí wọ́n fún lọ́rùn. Tí ìyẹn bá gbájú mọ́ èémí rẹ̀, ẹ̀rù á pọ̀ sí i. Ẹ ní kó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, kó ki ọwọ́ bọ omi tútù, kó bu gààrí Ìjẹ̀bú díẹ̀ sẹ́nu. Kíkan rẹ̀ máa ń pe ọkàn padà wálé.

Ní ti fídíò, ẹ jẹ́ kí èjìká àti ọwọ́ hàn, kì í ṣe ojú nìkan. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i tí ara bá ń le. Ẹni tí iná jó lójú lè má fẹ́ máa wo ara rẹ̀, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa fi àwòrán tirẹ̀ pamọ́. Tí ìdáhùn bá ń pẹ́, ẹ má tètè rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ tàbí oyè rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ ní kó sọ ohun mẹ́ta tó ń rí nínú yàrá. Tí kò bá lè sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíràn, ẹ dá ìtàn dúró.

Adití nílò iná níwájú rẹ̀ kí ọwọ́ lè hàn, ògbufọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ tàbí ìyàwó rẹ̀. Tí fídíò bá ń dúró, ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kíkọ. Afọ́jú ń fẹ́ ohùn, ẹ má fi àwòrán ránṣẹ́ sí i. Ìyá àgbà tó ní fóònù kékeré kò ṣaláìní ohunkóhun. Ìpè lásán ti tó. Ẹni tó bá ń sọ Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ́ kó sọ Ìjẹ̀bú. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, oníṣẹ̀ṣe, ẹ béèrè ohun tó ń fún un lókun kí ẹ tó sọ ohun tó ń fún ẹ̀yin lókun.

Fóònù ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Ó lè di ibi ìsápamọ́ sí. Ẹni tí kò wọ mọ́tò mọ́ láti ìgbà ìjàǹbá, tí fóònù sì mú kó rọrùn fún un láti má wọ̀ ọ́ láé, ẹ̀rù rẹ̀ ń sanra ni. Tí ara bá ti balẹ̀, ẹ jọ tò ó ní ìpele: kó jókòó nínú ọkọ̀ tó dúró títí ìpayà á fi rọlẹ̀, kó lọ dé gáréèjì, kó gba títì kékeré, kó tó di ti márosẹ̀. Ó lè tún ìpele kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ fóònù sí i nígbà tó bá jókòó sínú ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ tí ọ́fíìsì kò lè ṣe nìyẹn.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kú, ẹ bi í tààrà bóyá ó ti ní ohun tó fẹ́ lò lọ́wọ́. Ìbéèrè náà kì í ti èèyàn sí i. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ fi fóònù kejì pe ẹbí rẹ̀ láti kó oògùn apakòkòrò àti nǹkan olóró kúrò nílé, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ṣágámù tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àró. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112.

Nínú ìṣẹ́jú 50, ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn kì í ṣe ti ìtàn tuntun. Ẹ bi í ohun tó máa jẹ, ẹni tó máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kó pa ohun tí ẹ jọ kọ rẹ́ tó bá jẹ́ pé fóònù àjọlò ni. Kó sì jókòó fún ogún ìṣẹ́jú kó tó gun ọ̀kadà tàbí dáná.