Láfún, omi àti dísẹ́ẹ̀lì

Ìwádìí tí mo ń ṣe lórí ewu tí ojú ọjọ́ tó ń yí padà ń fà fún iná, omi àti oúnjẹ gbé mi dé Láfẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta lónìí. Lórí ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ń ṣe láfún!

Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà nínú omi nínú ike dúdú, òórùn rẹ̀ ti ń ta síni nímú (ẹni tó bá mọ láfún mọ ohun tí mò ń sọ). Èyí tó ti rọ̀ ló fún, tó sá sórí àpáta.

"Bí omi ò bá yọ, rírà ni. Bí òjò bá ká a mọ́ orí àpáta, á bu, á dúdú. Bó bá gbẹ tán, ẹlẹ́rọ á ní kò síná, dísẹ́ẹ̀lì lòún fi ń lọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, èwo ló le jù?"

"Ọmọ mi, ṣé ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń wá ni?"

Bí ìsédò Ọ̀yán, ibi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀yán, ṣe rí náà nìyẹn. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí i, òun ni Abẹ́òkúta àti Èkó ń gbójú lé fún omi. Wọ́n sì ṣètò ẹ̀rọ iná mẹ́gáwáàtì 9 sí i. Bí òjò bá pọ̀ jù, wọ́n á tú omi rẹ̀ sílẹ̀, á sì bo oko etí odò Ògùn mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá mi ṣì ní kí n pín ìwádìí náà sí orí mẹ́ta.

Mo ra láfún kóńgò kan. Ẹ má bi mí ní iye tó jẹ́.