Omi gbígbóná ni mo fi ba mouthpiece mi jẹ́

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ tí kẹ́tùlù ń hó ní kíṣìnì, ara mi á bù máṣọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fọn clarinet nínú báńdì ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí ẹ̀yin lẹ mọ bí ọ̀sẹ̀ ìkórè ṣe máa ń rí. Ìgbáradì lálaalẹ́, aṣọ báńdì tuntun tí ọrùn ẹ̀ ń há ni lọ́rùn, àwọn trumpet á fẹ́ bo gbogbo ayé mọ́lẹ̀, àwa onífèrè dúdú la ó jókòó níwájú tí ẹnikẹ́ni ò sì ní gbọ́ wa. Lọ́dún yìí, Báńdì Másítà wa dìídì fún clarinet ní ẹsẹ kẹta orin ọpẹ́. Èmi nìkan. Kí ìlù dákẹ́, kí trombone dákẹ́, kí gbogbo ìjọ gbọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nínú báńdì yẹn, kò sẹ́ni tó fún mi nírú ẹ̀ rí.

Clarinet mi, tokunbo ni. Mo ti pààrọ̀ páàdì ẹ̀, mo ti fi okùn so kọ́kọ́rọ́ kan tí spring ẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n mouthpiece tó wà lórí ẹ̀, ìyẹn ibi tí a máa ń fi sẹ́nu fọn, ojúlówó ni, Vandoren B45 tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú wá láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó wálé ìsìnkú bàbá wa. Dúdú kirikiri, ó ń dán, ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun. Ohun tó jẹ́ kí fèrè àlòkù yẹn máa sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí nìyẹn.

Níbi ìgbáradì alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wa yá a fọn. Ikọ́ ń ṣe é. Mi ò lè sọ pé rárá, torí wọ́n yá èmi náà nígbà tí mò ń kọ́ ọ. Lálẹ́ Sátidé ni mo wá tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀. Àwọn nǹkan funfun kan ti lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, ó le gbagidi, bí èyí tó máa ń wà nídìí kẹ́tùlù. Kì í ṣe ti ọmọ yẹn o. Itọ́ èmi fúnra mi ni, àkójọ oṣù bíi mẹ́rin tí mò ń fọn ún tán tí mò ń jù ú sínú àpótí. Ṣùgbọ́n ikọ́ ọmọ yẹn ló wà lọ́kàn mi, gbogbo ara ló ń rín mi.

Màmá mi wà ní pálọ̀. Wọ́n ní, "Da omi gbígbóná sí i, kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á kú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá màmá mi wí. Omi gbígbóná ni wọ́n fi fọ ìgò oúnjẹ ọmọ mẹ́fà, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà láyé. Ẹ má sì sọ pé ó yẹ kí n wò ó lórí fóònù kí n tó ṣe é. Kò síná, dátà ti tán, aago mọ́kànlá alẹ́ ti ń lọ. Ẹni tí kò bá ti irú ojú bẹ́ẹ̀ wo nǹkan rí kó sọ̀kò àkọ́kọ́.

Mo gbé mouthpiece sínú abọ́ alámọ̀. Mo gbé kẹ́tùlù kúrò lórí gáàsì bó ṣe ń hó, mo dà á lé e lórí. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Ó dà bí ìgbà téèyàn ṣá ìṣáná mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá fi ẹyin tó ti bàjẹ́ kún un. Mo ní bóyá ìdọ̀tí ló ń jáde, inú mi tiẹ̀ dùn. Mo fi ṣíbí yí i padà. Nígbà tí èéfín omi yẹn lọ sílẹ̀ díẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mouthpiece mi ò dúdú mọ́. Àwọ̀ ewé mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ti sè ló mú. Láti ṣóńṣó dé ìdí.

Ó ti bọ́ tán kí n tó mọ ohun tó fà á. Ebonite ni wọ́n fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ rọ́bà ni ebonite, rọ́bà tí wọ́n po ọ̀pọ̀lọpọ̀ imí ọjọ́ mọ́, tí wọ́n wá fi ooru sè títí ó fi le bí igi. Imí ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú ẹ̀. Bí omi gbígbóná bá kàn án, tàbí tí oòrùn pa á pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta, àwọ̀ á ṣí, òórùn á jáde, ẹnu ẹni á máa korò téèyàn bá ń fọn ún. Àwọ̀ nìkan ì bá ṣì rọ̀ mí lọ́rùn. Ooru tún lè yí ojú pẹrẹsẹ tí reed, ìyẹn pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó máa ń gbọ̀n kí fèrè tó dún, máa ń sùn lé. Lórí B45, àlàfo tó wà láàárín reed àti ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ kò ju 1.195 mm lọ. Ibi tó kéré tó bẹ́ẹ̀, bí etí ẹ̀ kan bá yí bíi fọ́nrán irun, afẹ́fẹ́ ti rọ́nà gbà nìyẹn.

Ẹ mọ bí a ṣe máa ń dán an wò. Téèyàn bá ti de reed mọ́ ọn, á fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìdí ẹ̀ pa, á fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, á yọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá dáa, reed á lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, èèyàn á lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó já "pọ́". Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fà á, kò lẹ̀ rárá. Fùú ni. Mo ní reed ni. Mo pààrọ̀ reed. Fùú. Mo tún pààrọ̀ ẹ̀, èyí tuntun tí mo fi pamọ́ de ìkórè. Fùú náà ni. Ẹ wò ó, mo mọ̀. Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé tí mo bá tẹ ètè mọ́ ọn dáadáa lọ́la, á gbọ́ràn.

Nígbà tí a ń fọn orin ìwọlé, trumpet bò mí mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó fura. Ìgbà tó di orin ọpẹ́, tí àwọn ìyá ìjọ ń jó bọ̀ pẹ̀lú iṣu àti adìyẹ, tí wọ́n parí ẹsẹ kejì, Báńdì Másítà gbé ọwọ́ òsì sókè, gbogbo ẹgbẹ́ dákẹ́ wẹ́lo. Wọ́n yí ojú sí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mí kanlẹ̀, mo fọn ún.

Ohùn àkọ́kọ́ kò jáde rárá, èémí lásán ni. Mo tẹ ètè mọ́ ọn. Ohùn kejì jáde ní "kúùììì", bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ nírù, tó fi gba inú máìkì lọ sí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, torí wọ́n ti gbé máìkì sí mi lẹ́nu kí wọ́n lè gbọ́ mi. Màmá kan tó ń jó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn ọmọdé tó wà lórí ìjókòó iwájú bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ wọn ń gbá wọn létí, òun náà ń fi gèlè bojú. Mo tún gbìyànjú. Kúùììì. Ẹnu mi ń korò bí ẹni fẹnu lá ìṣáná. Mo wo Báńdì Másítà, wọn ò wò mí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ìbá ṣe pé wọ́n bínú, ìbá ṣe pé wọ́n mi orí sí mi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n kàn fi ìka kan júwe sí trumpet kìíní, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó gbé ẹsẹ kẹta mi lọ láìṣìṣe kankan. Mo gbé clarinet lé itan títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Mo yá mouthpiece oníke lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ̀gbọ́n mi ti fi òmíràn ránṣẹ́, ó ti dé. Ìyẹn ti tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, omi gbígbóná kò gbọdọ̀ kan mouthpiece. Kì í ṣe omi híhó nìkan o. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ téèyàn lè fi wẹ ọmọ, èmi ò tún ní fi fọ tèmi. Omi ẹ̀rọ tútù ni. Ẹnì kan á ní ti òun ò ṣe bẹ́ẹ̀, òun ti ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ láti ọdún gbọ́nhan. Bóyá oníke ni tiẹ̀, bóyá ó ti yí tí kò mọ̀. Kó dán an wò pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ bí mo ṣe sọ, kó tó wá bá mi jiyàn.

Ẹ̀kọ́ kejì kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́: ooru ni ooru ń jẹ́. Ẹni tó gbé àpótí clarinet sẹ́yìn ọkọ̀ nínú oòrùn Ìbàdàn láti aago mẹ́wàá títí ìsìn fi parí, omi gbígbóná náà ló da sí i, kò kàn rí kẹ́tùlù ni. Kódà kéèyàn gbé e sójú fèrèsé kó gbẹ, kò dáa, oòrùn nìkan tó láti ṣí i láwọ̀.

Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ báyìí rèé. Bí mo bá ti fọn ún tán, mo yọ reed lójú ẹsẹ̀, torí reed tí èèyàn bá dè mọ́ ọn sùn á bu. Mo fi aṣọ rírọ̀ nu inú ẹ̀ pẹ̀lú ìka. Aṣọ olókùn tí a máa ń fà gba inú clarinet kọjá, mi ò fà á gba inú mouthpiece, torí díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jẹ inú ẹ̀ àti etí tín-ín-rín yẹn. Báńdì Másítà ti sọ èyí fún wa rí, mi ò fetí sí i, mo rò pé àṣejù ni. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo dì í mú lábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí ìdí tó ní kọ́ọ̀kì wà lókè kó má bàa rin, mo kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé tó rọ̀ fọ inú ẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín kọ́ o! Ó máa ń ha nǹkan. Tí nǹkan funfun yẹn bá ti le, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi tútù, mo ti ẹnu ẹ̀ bọ̀ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á rọ̀, mo sì ṣàn án dáadáa. Ẹ rí i pé kò sí iná gáàsì nínú gbogbo ẹ̀.

Kéèyàn fi omi yọ ẹnu kó tó fọn ún náà dáa, pàápàá tó bá ti mu mínírà. Ti yíyá, mi ò yá ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ lè pè mí ní ahun. Tí mi ò bá yá a lọ́jọ́ yẹn, ara ì bá má rín mi, mi ò bá má ti gbé kẹ́tùlù.

Ọmọkùnrin yẹn wá sílé wa lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti ra tiẹ̀, ó fi nọ́ọ́lọ́ọ̀nù wé e bí ẹran. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́?" Mo mú un lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìnkùlé. Bí a ṣe ń jáde, Màmá nawọ́ sí kẹ́tùlù, wọ́n bèèrè bóyá kí àwọn gbé omi kaná fún wa.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."