Ohun Tí Èsì Ìwádìí Ìlera Kọ́ Mi Nípa Ìtọ́jú Àwọn Àgbàlagbà

Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù lọ tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín àwọn àgbàlagbà ní ìpínlẹ̀ Texas ni pé ìdáhùn tí aláìsàn kọ sínú ìwé ìwádìí kò lè wò ó sàn títí dìgbà tí a bá mú ìbéèrè náà wá sí yàrá àyẹ̀wò, tí a bi í lójúkojú, tí a sì ti yan ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ lórí ohun tó bá sọ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, àti ẹ̀yin tí òbí yín ń bá yín gbé ní Amẹ́ríkà, torí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè wọlé tọ̀ yín wá nínú lẹ́tà nígbàkigbà.

Ìwádìí tí mo mọ̀ dáadáa jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Medicare Health Outcomes Survey. Medicare ni ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65, àti fún àwọn kan tí àìlera mú ṣáájú ọjọ́ orí yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba ìtọ́jú lábẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò aládàáni tí ìjọba bá ṣe àdéhùn. Láti ọdún 1998 ni ìjọba ti ń béèrè pé kí a máa wádìí lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà tó wà lábẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí bí ara wọn ṣe rí. Ilé iṣẹ́ tó bá ní tó 500 ènìyàn lábẹ́ àdéhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kópa, 1,200 ènìyàn ni wọ́n sì sábà máa ń mú láìṣe ojúsàájú. Wọ́n á bi wọ́n bóyá wọ́n lè gun àtẹ̀gùn, bóyá ìrora ń dí iṣẹ́ wọn lọ́wọ́, bóyá ọkàn wọn balẹ̀ tàbí ó rẹ̀wẹ̀sì, bóyá wọ́n lè wẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ, kí wọ́n dìde lórí àga láìsí ìrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n á padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà láti mọ ohun tó ti yí padà.

Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí ọjọ́ ogbó ní ọdún 2003, ní àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá. Wọ́n bá àwọn ẹni ọdún 65 sókè tó ju 2,000 lọ sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn, ní Yorùbá, wọ́n sì tún padà lọ bá wọn ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Pípadà lọ yẹn ló ṣe pàtàkì lójú mi, torí pé ìdáhùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè fi hàn wá ibi tí ara ẹni ń lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lo èsì ìwádìí Medicare yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kà sí àṣeyọrí nínú rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ kò retí pé kí ara ẹni ọdún 78 le ju bó ṣe le ní ọdún méjì sẹ́yìn lọ. Bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, tí agbára rẹ̀ kò sì dín kù, wọ́n kà á sí rere, wọ́n á sì fi wé ohun tí a lè retí lára ẹni tó ní irú ọjọ́ orí àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí, torí pé ó jẹ́ kí n mọ iyì iṣẹ́ tí ojú kì í tètè rí. Màmá tó ṣì ń dáná fúnra rẹ̀, tó sì ń rin ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe ń ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn, a ti rí àbájáde ìtọ́jú lára rẹ̀, kódà bí dókítà kò bá rí àrùn kankan tó wò sàn.

Ó tún yẹ kí a mọ àwọn tí ìṣirò kọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ wọn. Ní ti ìtọ̀ tó ń dá jò, àwọn tó sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ń wò láti mọ iye wọn tó bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní ti ìṣubú, wọ́n ń wá bóyá àwọn tó ti ṣubú, tàbí tí ìrìn wọn kò fìdí múlẹ̀ mọ́, rí ẹni ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé èsì wa kò dára nítorí pé àwọn aláìsàn tiwa ló dàgbà jù. Àlàyé yẹn kò bá ìbéèrè náà mu. Kì í ṣe iye àwọn tó ṣubú ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ó ń sọ pé wọ́n ṣubú, wọ́n sì wá sọ́dọ̀ wa, a kò sì bi wọ́n.

Ìdíwọ́ ńlá tó wà nínú èsì yìí ni pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé, àti pé nínú 1,200 ènìyàn tí wọ́n mú káàkiri, díẹ̀ ló lè jẹ́ aláìsàn ilé ìwòsàn kan. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, orúkọ ẹni tó dáhùn kì í dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a lo èsì náà láti mọ ọ̀rọ̀ tí a kì í bi aláìsàn, kí a wá máa bi gbogbo ẹni ọdún 65 sókè ní ìbéèrè yẹn fúnra wa, kí a sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ibi tí dókítà yóò ti rí i kó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìṣubú ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé nínú àwọn àgbàlagbà mẹ́rin, ó ju ẹnì kan lọ tó ń ṣubú lọ́dọọdún, àwọn tó sì ń sọ ọ́ fún dókítà kò tó ìdajì wọn. Ẹni tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ewu pé yóò tún ṣubú ti di ìlọ́po méjì. Bí mo bá bi ìyá kan pé, “Màmá, ṣé ẹ ti ṣubú rí lọ́dún yìí?” ó sábà máa ń ní rárá, torí pé ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà ní kó má dá rìn mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, “Màmá, láti ìgbà Kérésì títí di òní, ṣé ẹsẹ̀ yín ti yọ̀ rí, tàbí kí ẹ kọsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ tàbí orúnkún yín fi kan ilẹ̀?” ìtàn náà á jáde, pẹ̀lú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti àkókò tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti àkókò rẹ̀ ló ń darí ohun tí a ó ṣe. A máa ń ní kí ẹni náà dìde lórí àga, kó rin mítà mẹ́ta, kó yípo, kó sì padà wá jókòó. Bí ó bá gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu wà. A máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ti dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá ti dìde fún ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 já wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, a ti mọ ìdí tí òòyì fi ń kọ́ ọ láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó ní kó kó gbogbo oògùn rẹ̀ jáde nínú báàgì, títí kan èyí tó rà fúnra rẹ̀. Mo rọ̀ yín kí ẹ wá oògùn oorun tó ní diphenhydramine nínú láàárín wọn. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé kó má jẹ́ oògùn àwọn àgbà, torí pé ó ń mú kí ọpọlọ wọn dàrú, kí ìdúró wọn sì má fìdí múlẹ̀, síbẹ̀ orí àtẹ ni wọ́n ń tà á láìsí ìwé dókítà.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ so mọ́ ti ìṣubú pẹ́kípẹ́kí, ó sì dùn mí pé ìwé ìwádìí ń béèrè wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá tí ìtọ̀ kì í dúró de lóru á sáré dìde nínú òkùnkùn, yóò sì kọsẹ̀ lára kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí èyí bá ti tì í lójú, á dín omi mímu kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ara rẹ̀ á gbẹ, òòyì á wá túbọ̀ máa kọ́ ọ. Bí ó bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, tó sì ń gbé e mì ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ bi dókítà bóyá ó lè gbé e lọ sí àárọ̀. Àwọn eré ìdárayá tó ń mú iṣan ìsàlẹ̀ ikùn le wà, oògùn wà, a sì lè kọ́ àpò ìtọ̀ láti máa dúró pẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kò ní ṣí ọ̀rọ̀ yìí lójú ọmọ tàbí aya ọmọ rẹ̀. Mo máa ń fi ọ̀wọ̀ bẹ ẹni tó mú un wá kó bá wa dúró níta fún ìgbà díẹ̀, kí n tó béèrè.

Èyí ló mú kí n ní ohun kan láti sọ fún àwọn ọmọ. Ìjọba gbà kí ẹlòmíràn bá àgbàlagbà kọ ìdáhùn, kò sì sí Yorùbá nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí náà, nítorí náà ọwọ́ yín ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn àwọn òbí wa máa ń ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ túmọ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún wọn, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n sọ, àní bí kò bá tilẹ̀ bá ohun tí ẹ rò mu. Ẹ fi pàtàkì sí ìbéèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì. Ìyá tó wà nìkan nínú ilé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí kò lè wakọ̀, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ládùúgbò, lè ní ohun kan láti kọ síbẹ̀ tí kò tíì sọ fún yín rí.

Ọ̀rọ̀ máàkì tí ìjọba ń fún àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò tún wà níbẹ̀. Díẹ̀ nínú èsì yìí máa ń wọ inú ìràwọ̀ 1 sí 5 tí ìjọba ń fún àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, owó àjẹmọ́nú sì wà fún àwọn tó bá ní ìràwọ̀ mẹ́rin sókè. Nítorí èyí, àwọn kan máa ń gba dókítà níyànjú pé kó rí i dájú pé òun sọ ọ́ jáde fún aláìsàn pé, “A ti jíròrò nípa eré ìdárayá lónìí,” kí ẹni náà lè rántí nígbà tí fọ́ọ̀mù bá dé. N kò ta ko sísọ ọ́ jáde, torí pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a ń ṣe fún un. Ohun tí n kò gbà ni kó parí síbẹ̀. Ìjíròrò nípa eré ìdárayá gbọ́dọ̀ sọ irú eré, iye ìgbà lọ́sẹ̀, àti ibi tí ẹni tí orúnkún ń dùn ti lè ṣe é láìléwu. Bí ó bá sì nílò fisiọtẹ́rápì, kí ìwé rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti sọ pé òun ṣubú, a máa ń pè é lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ó ti rí ọ̀pá ìtilẹ̀ tàbí wọ́kà tí a kọ fún un, bóyá wọ́n ti fi iná sí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bóyá wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀. Àwọn ọmọ lè ṣe apá tiwọn nínú èyí láìdúró dè wá. Bí fọ́ọ̀mù ìwádìí bá dé ilé yín, kí ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé tí òbí yín ti dáhùn kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, torí pé dókítà rẹ̀ lè má rí i láé. Kí ẹ wá mú fọ́tò náà dání nígbà tí ẹ bá tún ń lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ ṣí i síwájú nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe nípa ìdáhùn kọ̀ọ̀kan tí kò dára.