Igi ìdí ìbọn ọdẹ: ẹ wo ojú igi kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọdẹ kan gbé ìbọn wá sí ìsọ̀ káfíńtà l'Ógbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí, ìdí ẹ̀ ti là láti ọrùn. Igi apá ni, ó le, ó sì gbẹ dáadáa. Bí wọ́n ṣe gé e ni kò dáa: ojú igi, ìyẹn àwọn ìlà tó wà lára igi, dábùú ọrùn, níbi tó tín-ínrín jù tí ọwọ́ ń dì mú. Ńṣe ló yẹ kó bá ọrùn lọ gbọọrọ.

Ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba pákó tútù. Tí ọyẹ́ bá dé, á sún kì, irin á wá máa mì nínú ẹ̀.

Ẹ sọ fún káfíńtà kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrù irin tó wọnú igi, ìwọ̀n bébà méjì ti tó. Tó bá fún pinpin, bí ìbọn ṣe ń ta sẹ́yìn, irin yẹn á la igi bí àáké.

Ti gígùn igi ìdí ìbọn ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ yọ ọta, kẹ́ ẹ tún un wò. Ẹ fi ìdí ìbọn ti kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́. Kí oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìfábẹ̀là kan ibi ìfà. Láti ìdí ìbọn dé ibi ìfà máa ń tó ínǹṣì 14 fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ẹ fi epo línsíìdì, epo irúgbìn tí wọ́n fi ń kun igi, kun igi náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá ẹnu ibi tí wọ́n ti gé igi nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé.