Ọ̀sẹ̀ Kẹsàn-án, Aṣọ Ìrọ̀rí Ṣí

Mọ̀ọ́mi ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n wá kí mi láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo níbí, láàárọ̀ yìí, wọ́n kọjá lábẹ́ okùn tí mo sá aṣọ sí, wọ́n sì dúró. Aṣọ ìrọ̀rí mi, búlúù tó ki dáadáa nígbà tí mo rà á ní Ọjà Ìgbọ̀nà, ti pọ́n rúsúrúsú lápá kan, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi máa ń wà tí mo bá fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ gan-an.

"Kí lo dà sí i?"

"Ògùn irorẹ́ ni, mà. Ó ní láti jẹ́ pé ojú mi ló ti ràn án."

"Ó ń jẹ aṣọ, o wá ń fi í para?"

Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo wọlé lọ wá páálí ògùn náà, mo kà á títí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lóòótọ́, ní lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà: ó lè ṣí àwọ̀ aṣọ. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lò ó, n kò kà á rí.

Nílé ìwé girama, ojú mi ń dán bí awo. Mo máa ń fi àwọn tí irorẹ́ sú sí lójú ṣe yẹ̀yẹ́, kí Ọlọ́run má fi bi mí. Ìgbà tí mo pé ọdún 31 ni tèmi dé, ní àgbọ̀n àti etí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tó tóbi tó ń ro bí eéwo. Bí nǹkan oṣù mi bá ku ọ̀sẹ̀ kan, òun ló máa ń ṣáájú bí akéde. Àwọn èèyàn á ní, "Ṣé oyún ni?" Ì bá wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni n kò ṣe tán? Mo fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ títí ojú fi ń fà mí, mo tún fi òróró àgbọn lé e. Ó burú sí i. Mo wá ra ìpara tí wọ́n pò sínú ike tí kò lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ méjì, ojú jọ̀lọ̀, gbogbo ọ́fíìsì ń yìn mí. Mo dá a dúró tán, kéékèèké irorẹ́ bò mí láti iwájú orí dé ọrùn.

Ọmọkùnrin apòògùn kan ní Òkè-Fíà ló là mí lójú. Ó ní irú ìpara bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní steroid nínú, ògùn líle tó ń mú wíwú rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, òun ló ń tan ojú jẹ. Ó ní ọ̀rá tí ara ń sun àti awọ tó ti kú ló ń dí ihò wínníwínní ojú, kòkòrò àìfojúrí á wá pọ̀ síbẹ̀, á wú. Àti pé họ́mónù wà nídìí tàwa obìnrin tó ti dàgbà. Ó na ọwọ́ sí adapalene, ògùn irorẹ́ kan tí kò yẹ fún aláboyún, ó béèrè bóyá mo ń retí oyún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dá a padà sórí àtẹ láìsọ nǹkan kan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ohun tó fún mi kò pọ̀. Ọṣẹ tí kò ta, láàárọ̀ àti lálẹ́, ọwọ́ lásán ni kí n fi fọ̀ ọ́. Benzoyl peroxide 2.5%, ògùn tó ṣí aṣọ ìrọ̀rí mi yìí, lálẹ́, tínńtín, káàkiri ibi tó ń sú sí, kì í ṣe orí irorẹ́ nìkan. Ìpara tí kò lọ́ràá fún gbígbẹ. Lójú ọjọ́, ìpara oòrùn SPF 30, kí àpá dúdú má baà dúdú sí i. Ti oòrùn yìí ni mi ò fẹ́ràn: bí mo bá gun ọ̀kadà dé Ọlá-Ìyá tí òógùn bá bò mí, ojú mi á funfun bíi ti ẹni tó fi ẹfun para lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun. Ó ní kí n má ṣèdájọ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kí n má sì tẹ̀ ẹ́. (Mo tẹ ọ̀kan lọ́jọ́ Tọ́sìdé. Àpá rẹ̀ nìyí.)

Méjì péré ló wà ní àgbọ̀n mi lónìí.

Mo pe apòògùn náà lórí fóònù nítorí Mọ̀ọ́mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọ̀ aṣọ ló ń jẹ, kì í ṣí àwọ̀ ara. Mọ̀ọ́mi, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún rẹ aṣọ láró nílùú aró yìí, tún wo ìrọ̀rí náà. "Aró èwo nìyẹn? Tèmi ò lè ṣí bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n rán ọmọ aládùúgbò wọn sí mi pẹ̀lú ọ̀pá méjì aṣọ funfun nínú ọ̀rá. Ó ní màmá ní kí òun sọ pé èyí ò tíì dé inú aró, ògùn mi ò ní rí nǹkan jẹ níbẹ̀.