Oògùn amúniríran fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé e mì

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè bóyá olú tí wọ́n ń jẹ lókè òkun láti fi ríran lè wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́, ìwádìí gidi sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n dán wò nínú àwọn ìwádìí yẹn ju oògùn lọ. Odindi ọjọ́ kan ni, tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ jókòó ti aláìsàn, lẹ́yìn àyẹ̀wò púpọ̀ àti ìpàdé ṣáájú. Ẹni tó bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, tó wá dá gbé oògùn mì nínú yàrá rẹ̀, nǹkan mìíràn ló ń ṣe. Èsì ìwádìí yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Psilocybin ni èròjà tó wà nínú olú náà. Tó bá dénú ara, ó di psilocin, ìyẹn á sì lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí serotonin, èròjà tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ, máa ń lẹ̀ mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, àwọ̀ àti ìró á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú àti létí, ìrántí àtijọ́ lè dé, ẹkún tàbí ẹ̀rù náà lè dé. Ó máa ń le jù láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, ó sì máa ń tó wákàtí mẹ́fà kó tó kúrò lójú.

Ẹ jẹ́ ká wo iye tí wọ́n rí. Lọ́dún 2022, ilé iṣẹ́ COMPASS Pathways gbé èsì ìwádìí jáde lórí èèyàn 233 ní orílẹ̀-èdè 10, àwọn tí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì méjì ó kéré tán kò ràn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fún wọn ní psilocybin: mílígíráàmù 25, tàbí 10, tàbí 1 tí kò lè ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn 37 nínú 100 lára àwọn tó gba 25 ni àìsàn wọn dín kù tó ìdajì. Lára àwọn tó gba 1, èèyàn 18 ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ 12, èèyàn 20 péré nínú 100 ló ṣì wà nínú ìdẹ̀ra yẹn lára àwọn tó gba 25. Iye tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání, nítorí àwọn tó ń polówó oògùn yìí kì í dárúkọ rẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ní Imperial College nílùú London, wọ́n fi psilocybin ẹ̀ẹ̀mejì wé escitalopram, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lára èèyàn 59. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ti yàn ṣáájú, wọn ò rí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín àwọn méjèèjì. Ìṣòro kan tún wà tí kò tíì kúrò: ẹni tó gba oògùn gidi máa ń mọ̀ pé òun gbà á. Inú rẹ̀ á dùn, ìrètí rẹ̀ á ga. Ẹni tí kò gbà á náà á mọ̀, ọkàn rẹ̀ á sì bà jẹ́. Ìyẹn lè mú kí àǹfààní náà dà bíi pé ó tóbi ju bó ṣe jẹ́ lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó bá ní "oògùn dókítà ò ṣiṣẹ́ fún mi" ni pé: ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ fi lò ó? Sertraline tàbí fluoxetine máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó fi ara hàn. Èébì, inú rírun àti àìrí oorun sùn ló máa ń kọ́kọ́ dé, àǹfààní á wá tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ ọ́ nù nìyẹn, ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn mìíràn ń lo ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láìpadà sọ́dọ̀ dókítà kó lè fi kún un. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, tàbí tí ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi ìyẹn hàn. Ẹni tó bá lo oògùn méjì ní ìwọ̀n tó yẹ, fún àkókò tó yẹ, tí kò sì sàn, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ti ní àrùn ọpọlọ tó ń mú un gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní in. Ẹni tó ti ní ìgbà kan rí tí kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀ síbẹ̀ tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tó ń náwó nínàákúnàá, tó ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró. Oògùn yìí lè gbé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ dìde. Nílé Yorùbá, wọ́n máa ń bo irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní "ayé ló ṣe é" tàbí pé ẹ̀gbọ́n yín "rìnrìn àjò", nígbà tó jẹ́ pé Aro ní Abẹ́òkúta ló lọ. Ẹ bi ìyá yín tàbí àwọn àgbà ilé léèrè láìfi epo bọ iyọ̀, nítorí ìdáhùn wọn lè gbà yín là. Bákan náà ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, àti aláboyún.

Àdàlù oògùn náà lè fa jàǹbá. Lithium, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ìṣesí rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò jù, lè mú kí gìrì gbé èèyàn tó bá pàdé psilocybin. Ní Oregon ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti fàyè gba psilocybin, ẹni tó bá lo lithium láàárín ọjọ́ 30 kò lè gbà á. Tramadol náà ń mú kí gìrì súnmọ́ èèyàn, ẹ sì mọ bó ṣe kún ìgboro wa. Sertraline àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń dín agbára psilocybin kù, àwọn kan á wá fi ìlọ́po méjì kún un. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má sì dá oògùn yín dúró lójijì: orí á máa yí, iná á máa ṣẹ́ lórí bíi mànàmáná, àìsàn náà á sì padà. Nínú ìwádìí, dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì. Ti fluoxetine máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń pẹ́ nínú ara. Ayahuasca, àgbo amúniríran tí wọ́n ń mu ní Brazil, tún léwu ju èyí lọ pẹ̀lú oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, nítorí ewé àti ìtàkùn ni wọ́n pò pọ̀ ṣe é, ìtàkùn náà kì í sì í jẹ́ kí ara fọ́ serotonin. Àdàlù ayahuasca àti oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì lè pani.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá lò ó dáadáa, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, aláìsàn á dùbúlẹ̀, á di ojú, orin á máa lọ jẹ́jẹ́. Tí ẹ̀rù bá dé, olùtọ́jú kì í bá a jiyàn. Á rán an létí pé oògùn ni, pé yóò kúrò, á di ọwọ́ rẹ̀ mú bí wọ́n bá ti jọ fohùn ṣọ̀kan ṣáájú. Kò sí wíwa ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á jókòó sọ̀rọ̀ nípa ohun tó rí. Orí fífọ́ wọ́pọ̀. Ẹni tó ti fi gbogbo ìrètí lé e, tí kò sì rí ìyípadà, ni kí ẹ máa ṣọ́ jù ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èrò láti pa ara ẹni yọjú nínú ìwádìí 2022 yẹn.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2023, dókítà ọpọlọ tó gba àṣẹ lè kọ psilocybin fún aláìsàn ní Australia. Ní Nàìjíríà kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀: òfin NDLEA dárúkọ LSD, tí òun náà ń múni ríran, pẹ̀lú kokéènì àti heroin. Ẹ má sì lọ já olú nínú igbó. Èyí tó ń pa ẹ̀dọ̀ lè máa dà bí olú jíjẹ. Èébì rẹ̀ kì í dé àfi lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, ara á wá dà bíi pé ó ti yá, kí ẹ̀dọ̀ tó dáṣẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ni ketamine, tí wọ́n ti ń fi kun èèyàn lóorun nínú yàrá iṣẹ́ abẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì, ìwọ̀n tí ìwádìí sábà máa ń lò ni ìdajì mílígíráàmù fún kílò kan ara, tí wọ́n ń fi dírípù fún èèyàn fún ìṣẹ́jú 40. Ó lè ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, àmọ́ kì í sábà pẹ́ ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, àlòjù rẹ̀ sì ń ba àpò ìtọ̀ jẹ́. Ilé ìwòsàn nìkan ni ibi rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó súnmọ́ yín.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹni náà ti ń sọ pé ikú yá ju báyìí lọ, ẹ má dúró de èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn tó ṣẹ́kù kúrò nílé, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí.